Ìgbà tí Epo Wọ Kànga Wa ní Minanata

Ẹ fa ẹní yẹn súnmọ́ mi, ẹ jókòó, kí ẹ sì pa ariwo fóònù yín díẹ̀. Mo rí ohun tí ẹ̀ ń wò lánàá. Páìpù epo bẹ́ ní apá ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, epo ṣàn wọ odò àti oko àwọn èèyàn, àwọn ará ibẹ̀ sì ń gbé kẹ́ẹ̀gì sáré lọ sídìí rẹ̀. Ẹ̀ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ṣé orí wọn pé ṣá. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín ní tèmi, nítorí pé mo mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Mo ti bá wọn gbé rí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Minanata ní Sókótó níbí kò tíì kún tó báyìí. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ṣe búrẹ́dì nínú àgbàlá wa. Ààrò amọ̀ ńlá ló ń lò, igi la fi ń dá a. Kànga wa kò jìnnà sí ààrò, torí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun kò fẹ́ máa ru omi láti òkèèrè. Ilé epo kan sì wà lẹ́yìn ògiri wa, tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Tí ààrò bá ti gbóná tó, wọ́n á wọ́ ẹ̀yinná inú rẹ̀ síta kí wọ́n tó ti búrẹ́dì wọlé. Ẹ̀yinná yẹn, gbogbo àdúgbò ló ni ín. Àwọn obìnrin á gbé àpáàdì wá, Haúsá àti Yorùbá, kálukú á bu tirẹ̀ lọ fi dáná oúnjẹ alẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù, àgbà ọmọṣẹ́ bàbá mi á da omi kànga lé e lórí kó lè di èédú, àwọn alágbẹ̀dẹ á wá rà á. Ojoojúmọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn débi pé ó lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ bó ti ń da omi náà, kó má tilẹ̀ wo ibẹ̀.

Ẹni tó máa ń kọ́kọ́ bu iná ni ìyá arúgbó Haúsá kan tí ògiri kúkúrú pín ilé tirẹ̀ àti tiwa níyà. Kaka la ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbí. Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Á kí bàbá mi, á bu iná, á lọ.

Lásìkò ọyẹ́ ọdún kan, búrẹ́dì wa bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti ọjà Kasuwar Kara. Obìnrin tó ń bá wa tà á níbẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ níwájú bàbá mi, ó ní, "Bàbá, àwọn oníbàárà mi ń bi mí bóyá kí àwọn jẹ ẹ́ ni àbí kí àwọn rọ ọ́ sí àtùpà."

Bàbá mi yíjú sí àwọn ọmọṣẹ́. Ó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń rọ epo sí àtùpà náà ni wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, ọ̀bùn gbogbo. Wọ́n búra pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ fọ ọwọ́ wọn lójú rẹ̀, wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Omi kànga yẹn náà ni wọ́n fi fọ̀ ọ́. Búrẹ́dì ọjọ́ kejì burú ju ti àná lọ.

Ìyá mi ló fa omi kan jáde, tó gbé e síbi tí oòrùn wà. Nǹkan kan ń dán lójú omi náà, ó ń pa àwọ̀ dà bí ọrùn ẹyẹlé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìgbà yẹn la tó wá ń rántí ohun tí a ti ń rí tí a kò kà sí: dóńgóyárò ẹ̀gbẹ́ kànga tó ń wọ́wé nígbà tí kò yẹ kó wọ́wé, ìṣápá Kaka tó gbẹ láti ìdí wá, àti àwọn adìẹ tó ń mu omi ìdí kànga, tí a rò pé àìsàn ọyẹ́ ló pa wọ́n.

Bàbá mi lọ sí ilé epo yẹn. Alábòójútó ibẹ̀ ní táǹkì tí àwọn rì mọ́lẹ̀ kò jò, kí bàbá mi lọ yẹ ààrò rẹ̀ wò. Mai unguwa, olórí àdúgbò wa, ní òun ti ránṣẹ́ sí ìjọba, kí a ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àgbàlá wa ti kún fún èèyàn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú àwọn èèyàn yẹn ń dùn ni. Wọ́n ní epo ti jáde ní Sókótó, a ti bọ́ nínú ìyà. Wọ́n ń sọ garawa sínú kànga wa, wọ́n ń rọra gbọ́n epo ojú omi sínú kẹ́ẹ̀gì, èyí tó bá dànù, ilẹ̀ ń mu ún. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà lójú ọ̀nà wa na ọwọ́ sí bàbá mi, ó ní, "Ọ̀gá oníbúrẹ́dì, ẹ fi ìyẹ̀fun yẹn sílẹ̀. Ẹ ti di Alhaji elépo." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ààrò ń jó ní gbogbo àkókò yìí. Wọ́n ti wọ́ ẹ̀yinná síta, ó ń pọ́n rẹ́rẹ́. Ìyá mi dúró sí àárín iná àti kànga, ó ti gbé àbúrò mi pọ̀n.

Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ wo iná. Ẹ wo kànga."

Bàbá mi ní, "Ìyẹ̀fun tí a fi omi rírà pò, tó ti wú yìí ńkọ́? Ṣé kí n dà á nù ni?"

"Ẹ dà á nù. A ó rí ìyẹ̀fun mìíràn pò."

Mo ń wo ojú bàbá mi. N kò tíì rí ẹ̀rù níbẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ó yíjú sí ọmọṣẹ́ àgbà, ó ní, "Pa á." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọṣẹ́ náà sì ṣe ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́. Ó gbé garawa omi kànga tó ti fà sílẹ̀ láti àárọ̀, ó da omi inú rẹ̀ lé ẹ̀yinná lórí.

Iná náà dìde ga ju òrùlé lọ. Ó gbá a lápá méjèèjì. Kò tilẹ̀ ké, ńṣe ló ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́n epo ju kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, wọ́n sá, epo inú kẹ́ẹ̀gì ń ṣàn, iná sì gba orí ilẹ̀ tó ti mu epo yẹn, ó ń rìn lọ sídìí kànga. Bàbá mi gbá garawa mìíràn mú. Omi kànga náà ló tún fẹ́ dà sí i.

Kaka ló dá a dúró láti òdìkejì ògiri kúkúrú yẹn. "Kasa," ló ń wí, "kasa, kasa." Erùpẹ̀ ni ó ń sọ. Ó ti fi ìborùn rẹ̀ bu iyanrìn, ó ń dà á lé iná lórí láti ọ̀hún. Ni gbogbo wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyanrìn, a fi ọwọ́, a fi igbá, agolo búrẹ́dì la fi bu ún jù. Iná kú nígbà tó kù díẹ̀ kó kan ẹnu kànga. Bí ó bá kàn án, n kì bá tí sí níhìn-ín láti sọ ọ́ fún yín.

Ẹ̀rù gan-an wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ọyẹ́ ń mú, kò sí ẹni tó dáná yá. Gàrí tútù àti fúrà là ń jẹ, omi tí àwọn mai ruwa fi kẹ̀kẹ́ tì wá láti àdúgbò mìíràn là ń mu. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn tó gbọ́n epo ti gbé kẹ́ẹ̀gì wọn wọ yàrá, wọ́n ti fi í sábẹ́ ibùsùn, kò sì sí ẹni tó máa jẹ́wọ́. Àwọn obìnrin tó ń jọ bu iná tẹ́lẹ̀ wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ara wọn, wọ́n ń fa imú. Ẹni tó bá ṣáná sí sìgá lójú ọ̀nà, wọ́n á lé e. Ìyá mi máa ń fọwọ́ kan ilẹ̀ yàrá wa kó tó tẹ́ ẹní fún wa, bóyá ó gbóná.

Nígbà tó yá, ìjọba dé, wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n bá táǹkì tó ti dógùn-ún, wọ́n ti ilé epo náà. Wọ́n fi òkúta àti erùpẹ̀ dí kànga wa. Epo tó ti wọlẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè ibi tó gbà lọ.

Bàbá mi kò dá ààrò mọ́ títí ó fi kú. Ọmọṣẹ́ àgbà, tí àpá iná wà lápá rẹ̀ títí dòní, ló jogún àwọn agolo àti àwọn oníbàárà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe búrẹ́dì tí ẹ̀ ń rà ní Arkilla yìí, ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò. Àwọn ọmọ Kaka jogún ògiri, wọ́n wó o. Ilẹ̀ kan ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ síbẹ̀ báyìí, gbogbo àdúgbò ló ń ra omi lọ́wọ́ wọn. Láyé ìjọ́un, a mọ kànga tí à ń mu. Lónìí ẹ ṣí ẹ̀rọ, omi yọ, ó parí.

Mo ti bá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ̀rọ̀ epo tó wọlẹ̀ yẹn. Wọ́n ní, "Màmá, omi yìí mọ́," wọ́n bu kọ́ọ̀bù kan fún mi. Mo gbé e sí imú, kò rùn rárá. Mo gbé e kalẹ̀, mo ní òùngbẹ kò gbẹ mí. Ohun tó kan èmi nínú ogún náà nìyẹn.