Ọkọ̀ Ogun Tí Kò Jẹ́ Kí Bámigbóyè Jẹ Ẹja

Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin ni Bámigbóyè, wẹ́dà tó ń jó géètì n'Ífọ̀n, kò sì mọ bí ẹja ṣe ń rí lẹ́nu. Ẹ má káàánú ẹ̀ o, èèwọ̀ ni. Ìyàwó ẹ̀ ni kẹ́ ẹ káàánú: Àbẹ̀ẹ́kẹ́, ọmọ Ìlobù, ẹja àrọ̀ ló ń tà. Àádọ́ta ọdún ló ti ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ méjì kaná, ọ̀kan fún èèyàn, ọ̀kan fún ọmọ jagunjagun ojú omi.

Bàbá Bámigbóyè ló fà á. Nígbà ogun Hítílà, wọ́n gbà á l'Ékòó pé yóò ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun kan tó máa ṣọ́ àwọn ọkọ̀ ẹrù lójú òkun. Ẹ̀rù bà á, ló bá búra: "Bí ọkọ̀ yìí bá gbé mi lọ, tó gbé mi bọ̀ láàyè, èmi àtọmọ mi ò ní jẹ ẹja láéláé." Ó dé láàyè, ó dé fìlà funfun, ó ń jẹ ẹran lọ ràì.

Àfi Sátidé kan tí Malikah, ọmọ-ọmọ Bámigbóyè tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Óṣogbo, wálé. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn tán, ó yọ fóònù.

"Bàbá, ìwé iṣẹ́ bàbá yín tẹ́ ẹ fún mi níjọ́sí, mo wá ọkọ̀ inú ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọn ò kàn án o."

"Wọn ò kàn án báwo?"

"Wọ́n yà á sórí ìwé, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n wá láwọn ò ṣe mọ́. Ogun ti ń parí lọ."

"Kí wá ni bàbá mi wọ̀?"

"Wọn ò wọ nǹkan kan, sà. Ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí: ilẹ̀ ọ́fíìsì ni Bàbá gbá títí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀."

Àbẹ̀ẹ́kẹ́ pàtẹ́wọ́. "Haà! Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń lé ọ̀tá! Baba Fọlá, ẹ kú orí ire o. Gbogbo ìkòkò tí mo fọ̀!"

"Ìyá Fọlá, panu mọ́."

Bámigbóyè ń rò ó. Ọkọ̀ ò gbé bàbá lọ, ọkọ̀ ò gbé bàbá bọ̀. Ìbúra yẹn ò mú ẹnì kankan nìyẹn. Ó kọjú sí fọ́tò bàbá ẹ̀ lára ògiri.

"Bàbá mi, ẹ fi ọkọ̀ tí ò sí fẹja dù mí!"

Àbẹ̀ẹ́kẹ́ ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Orí àrọ̀ tó tóbi jù ló bù wá. Ọkọ ẹ̀ gba abọ́. Ó fi sẹ́nu, ó rọra jẹ ẹ́, gbogbo wọn ń wò ó.

"Ṣé ohun tẹ́ ẹ ti fi ń yangàn látọjọ́ yìí náà nìyí?" ló wí. "Kò mà sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ó wá na abọ́ sí Àbẹ̀ẹ́kẹ́ pé kó bù sí i.