Bàtà Wòlíì

Òórùn bàtà iṣẹ́ ọkọ mi tí yìnyín rin ló rán mi létí Wòlíì ìgbà èwe mi.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa ní Dagenham, ní London, ẹnu ọ̀nà là ń bọ́ bàtà sí. Wòlíì máa ń bá àwa ọmọdé ṣeré, àmọ́ bí ìsìn bá ti parí, ó di ìdí tírélà tó ń wà. Lọ́sàn-án Sunday kan, kó má baà lọ, mo fi bàtà iṣẹ́ ẹ̀ pamọ́ sábẹ́ sùtánà mi. Ó wá a tì, ló bá fẹsẹ̀ lásán bọ́ sínú yìnyín.

“Ìran ni!” Màmá Ìjẹ̀bú, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ, pariwo.

Àwọn tó ti wọ bàtà bá tún bọ́ ọ, wọ́n ń kọrin tẹ̀lé e. Èmi náà tẹ̀lé e.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé wọn ò jẹ́ kó wọṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn torí pé kò wọ bàtà iṣẹ́.

Nínú yìnyín lọ́jọ́ náà, Wòlíì bojú wẹ̀yìn, ó rí ẹsẹ̀ mi. “Ọmọ mi, lọ wọ bàtà ẹ, òtútù á mú ẹ.”

Mo di tiẹ̀ mú gírígírí lábẹ́ sùtánà mi. “Ẹ ṣé, sà.”