Ìyá Àjíǹde àti Aṣọ Funfun Orí Pẹpẹ

Lọ́jọ́ Ẹtì Rere kan, nígbà tí Alúfàá wọlé láti darí ìsìn, aṣọ funfun ló bá lórí pẹpẹ. Dúdú ló yẹ kó wà níbẹ̀. Òwúrọ̀ Àjíǹde ló ni funfun, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi pàápàá mọ ìyẹn. Obìnrin alágbàfọ̀ tó ń tọ́jú aṣọ ìjọsìn ló tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ó ti lọ aṣọ méjèèjì sílẹ̀, ó sì gbé èyí tó wà lókè láìwò ó dáadáa.

Nígbà tí ìsìn parí, Baba Agogo, ẹni tó ń fa agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tí ariwo ẹnu rẹ̀ ju ti agogo ọ̀hún lọ, dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Alágbàfọ̀! Jésù ò tíì kú, o ti jí i dìde!"

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

"Kí n má pariwo kẹ̀? Àwọn ọmọ ogun ṣì ń wá ìṣó, ìwọ ti yí òkúta kúrò!"

Ọkọ obìnrin náà, bíríkìlà kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni tọmọdé tàgbà ti ń pè é ní Ìyá Àjíǹde. Kò bínú sí orúkọ náà, nítorí ọkọ rẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ fi pè é délé.

Kí a má ṣì í mọ̀ o, obìnrin yìí kì í ṣe aláìbìkítà. Nínú yàrá iwájú ilé rẹ̀ tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀wù oníbàárà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Á wọ́n omi sí aṣọ, á ká a jọ kí ọ̀rinrin lè wọ̀ ọ́ dáadáa, kó tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Kọ́là ló máa ń kọ́kọ́ lọ̀, lẹ́yìn náà apá. Ara ló ń gbẹ̀yìn. Bó ṣe ń ṣe àṣàrò níwájú ìjọ náà nìyẹn. Tó bá kàn án, á mú ẹsẹ Bíbélì kan, á tú u wò bí ẹni tó ń tú àpò ẹ̀wù wò kó tó rẹ ẹ́ sómi, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò pé ó wà níbẹ̀ á sì jáde. Ó máa ń sunkún lẹ́nu ọ̀rọ̀, àwọn ará ìjọ á bá a sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bíríkìlà lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì gbé e kúrò níbẹ̀. Pákó tó dúró lé ló ṣẹ́. Wọn ò gbé e dé ilé ìwòsàn láàyè.

Àwọn èèyàn ní ìyàwó rẹ̀ sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kò sunkún. Ó fọ ẹ̀wù tí ọkọ rẹ̀ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó gbé e kọ́. Láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ ti kú tipiri, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé fún ìgbà pípẹ́. Tíì tó bá pò á tutù níwájú rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù jó o níka, òórùn ló kọ́kọ́ gbọ́ kó tó mọ̀ pé ìka òun ni. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọrin, ṣùgbọ́n orin náà kò kàn án ju ariwo ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì lọ.

Bí Àjíǹde ṣe ń sún mọ́lé, ìjọ ní òun ni kó ṣe àṣàrò òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ta ló tún kù, bí kì í bá ṣe Ìyá Àjíǹde? Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ìjọ, ló mú ọ̀rọ̀ náà wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyàwó, gbogbo ojú ń wò ọ́ o. Ẹ̀rí ni kó o fi ṣe. Sọ fún wọn pé Olúwa ti nu omijé rẹ nù."

"Àǹtí, omijé wo? Èmi tí n ò sunkún."

"Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jọ́ Àjíǹde nìyẹn?"

"Ara mi ò gbọ́ nǹkan kan, Àǹtí. Bí mo bá dìde tí mo ní mò ń yọ̀, irọ́ ni mo pa níwájú pẹpẹ."

"Ìwọ ṣáà sọ ọ́, ayọ̀ á bá ọ lẹ́nu ẹ̀. Tó ò bá lè sọ ọ́, dákun, fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó lè ṣe é. Má wọ́ orúkọ àbúrò mi nílẹ̀."

Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Bó bá pa irọ́ náà, kò ní lè fọwọ́ kan aṣọ pẹpẹ mọ́ láìtijú. Bó bá sì kọ̀, ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì ti ń retí rẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó rẹ aṣọ funfun náà sí sítáàṣì, ó sá a, ó sì lọ̀ ọ́ títí igun rẹ̀ fi mú. Kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà mọ́, kò sì kórìíra rẹ̀. Ọwọ́ ṣáà ń lọ, ó ń bọ̀. Níbi tí ọwọ́ ti ń lọ tó ń bọ̀ yìí ló ti rántí àwọn obìnrin tó jí lọ síbi ibojì Jésù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, aṣọ funfun wà lórí pẹpẹ lọ́jọ́ tó yẹ ẹ́. Ìyá Àjíǹde dìde, ó ka ibi tí wọ́n yàn, ó pa ìwé dé.

"Ẹ wo ohun tí àwọn obìnrin yìí gbé lọ́wọ́," ó ní. "Tùràrí olóòórùn dídùn ni. Òkú ni wọ́n fẹ́ fi tọ́jú. Wọn ò kọrin lọ. Wọn ò tiẹ̀ mọ ẹni tó máa bá wọn yí òkúta. Iṣẹ́ ló gbé wọn jáde nílé, kì í ṣe ayọ̀. Èmi náà, aṣọ yìí ni mo gbé wá. Mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́. N ò ní ayọ̀ tí mo lè gbé lé e. Àwọn yẹn dé ibojì kí wọ́n tó gbọ́ ìròyìn. Èmi ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Ẹnikẹ́ni ò ké halelúyà. Baba Agogo, tó yẹ kó fa agogo lẹ́yìn àṣàrò, di okùn mú, kò fà á. Ìgbà tí Alúfàá mi orí sí i ló tó rántí.

Lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ bá a níbi tó ti fẹ́ gbé aṣọ dúdú Ẹtì Rere sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ìyàwó, kò sí halelúyà kankan nínú ohun tó o sọ."

"Kò sí, Àǹtí."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wo aṣọ dúdú náà. Ó di etí kejì mú, wọ́n jọ ká a, igun sí igun.

"Àbúrò mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tó o tẹ́ funfun yẹn, àbí?"

"Ó rẹ́rìn-ín gan-an."

Àwọn kan ń fi kún un pé omijé bọ́ lójú Ìyá Àjíǹde níbẹ̀. Kò bọ́. Wọ́n ti kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì lọ sílé. Wọn ò tún fún un ní àṣàrò Àjíǹde mọ́, ṣùgbọ́n aṣọ pẹpẹ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kó kúrò ní ìlú náà. Ìgbà tí a gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn, ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn. Ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn tí ọmọ náà wà. Aṣọ funfun orí bẹ́ẹ̀dì ló ń lọ̀.