Ọmọ Jámánì Tó Gbá Gọ́ọ̀fù Lórí Iyanrìn Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mọ́tò kan da ọ́ìlì sílẹ̀ níwájú ilé tí à ń gbé ní Castle Hill, ẹni tó ni ín sì bu iyanrìn lé e kí ẹnikẹ́ni má baà yọ̀ ṣubú. Mo ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ ra búrẹ́dì. Oòrùn ti mú, òórùn iyanrìn àti ọ́ìlì náà sì dìde, ó wọ̀ mí nímú, mo bá dúró. Àwọn èèyàn ń yà fún mi kọjá. Ní New York yìí, bí àgbàlagbà bá dúró pẹ́ lójú kan, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú, tàbí pé ó fẹ́ jí nǹkan. Ṣadé, ọmọ mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, rí mi láti ojú fèrèsé. Nọ́ọ̀sì ni, kò sí ohun tí kì í fura sí.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń wò nílẹ̀? Ṣé ẹ mọ ọjọ́ tí òní jẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Gọ́ọ̀fù ni mò ń gbóòórùn."

Ìyẹn gan-an ló wá dẹ́rù bà á jù.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń wo gọ́ọ̀fù nínú tẹlifíṣọ̀n, koríko tútù yọ̀yọ̀ lẹ mọ̀ ọ́n mọ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn Jámánì wá ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú wa, lọ́nà Abẹ́òkúta, wọ́n ń fi ṣe títì. Wọ́n ro igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó wọn, wọ́n gbẹ́ ihò kéékèèké, wọ́n ri àsíá pupa sínú wọn, wọ́n wá ń fi ọ̀pá irin gbá bọ́ọ̀lù tí kò ju ẹyin àparò lọ. Koríko kì í dúró nínú ọ̀gbẹlẹ̀ wa, nítorí náà wọ́n á po iyanrìn mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò, wọ́n á tẹ́ ẹ yí ẹnu ihò ká. Bíráùn la ń pè é. Àwa ọmọdé tó ń ru àpò ọ̀pá, tí wọ́n ń pè ní kádì, la máa ń tún un ṣe. Bí bọ́ọ̀lù bá ti balẹ̀ sórí bíráùn, kádì á fi irin pẹlẹbẹ olọ́wọ́ gígùn wọ́ iyanrìn láti ẹnu ihò títí dé ìdí bọ́ọ̀lù, kí ọ̀nà lè dán. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òfin wọn gbà pé kí á wọ́ ọ. Irin yẹn ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Ìlú wa kò kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́. Ìyá mi àgbà ní, àgbà wo ló máa jẹun yó tán, tí á wá máa lé ẹyin kiri inú oòrùn láìnídìí? Àwọn ará ìlú ní ilẹ̀ ni àwọn Jámánì ń wọ̀n, pé ibi tí bọ́ọ̀lù bá balẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ààlà oyìnbó dé. Bàbá kan tó ní oko ẹ̀gẹ́ létí pápá náà a máa jí lọ fa àsíá tu, á lọ ri wọ́n sínú igbó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Jámánì ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò òkété. Mo rí òkété kan tó ń sọ ọ́ padà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi òkété.

Ọ̀gá àwọn Jámánì yìí ní ọmọbìnrin kan, Hẹ́ligà, ẹgbẹ́ mi, irun rẹ̀ bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo. Èmi ni mò ń ru àpò rẹ̀. Ó kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ àwa kádì, èébú ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó kọ́. Bọ́ọ̀lù kan tó gbá lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àìkú ló balẹ̀. Bó bá sì dé orí bíráùn, kí n wọ́ iyanrìn, kó gbá a, ó ti wọlé nìyẹn. Ó ń wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọkùnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí tìfura-tìfura.

Ẹni tó fura jù ni Ọ̀gá Báńkì, èèyàn wa kan ṣoṣo tí wọ́n gbà láyè láti bá wọn gbá a, aláṣejù oníbọ̀sẹ̀ gígùn. Ó ní, "Ọmọ yìí ló ń lànà fún un. Ó ń fi irin gbẹ́ kòtò tí ojú ò rí." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọ́ iyanrìn tán, àwọn àgbàlagbà á lóṣòó, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á máa wá kòtò. Jámánì kan tiẹ̀ gbóòórùn ọwọ́ mi.

Ìdíje òpin ọdún wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Lábẹ́ igi kajú, Hẹ́ligà sọ fún mi pé bàbá òun ti là á mọ́lẹ̀: bí òun bá borí àwọn ọkùnrin, òun á lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá òun ní Jámánì láti lọ fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́, bí òun kò bá borí, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn akọ̀wé tó ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé ni òun ń lọ.

"Mi ò fẹ́ tẹ̀wé," ló ní. Ó fi eyín gé èso kajú kan bí ẹni pé òun ló ni ẹ̀bi.

Lọ́jọ́ ìdíje, ní ihò tó kẹ́yìn, òun àti Ọ̀gá Báńkì jọ wà ní ọgbọọgba. Ọ̀gá Báńkì ti gbá tirẹ̀ wọlé. Bí ti Hẹ́ligà bá fi ẹ̀ẹ̀kan wọlé, ó borí nìyẹn. Mo na ọwọ́ sí irin.

"Rárá," ni Ọ̀gá Báńkì wí. "Ọmọ yẹn, kúrò níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa wọ́ ọ."

Bóyá kò mọ iṣẹ́ náà ni o, bóyá ó mọ̀ ọ́n jù ni, mi ò lè sọ. Ó wọ́ ọ síwá, ó wọ́ ọ sẹ́yìn, nígbà tó fi máa parí, iyanrìn ti wú bí ebè iṣu. Àwọn Jámánì wo ara wọn. Hẹ́ligà lóṣòó, ó wo iyanrìn, ó wo bàbá rẹ̀. Ó dá ọ̀pá tí wọ́n fi ń yí bọ́ọ̀lù lórí bíráùn padà sínú àpò, ó yọ èyí tí wọ́n fi ń hú bọ́ọ̀lù jáde nínú igbó. Bọ́ọ̀lù náà gbéra, ó fo gbogbo ebè Ọ̀gá Báńkì kọjá, ó bọ́ sínú ihò láìkan etí ẹ̀. Ọ̀gá Báńkì kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú ihò dé ìgbúnwọ́, ó ń wá ẹ̀rí. Bọ́ọ̀lù àti èèrà kan ló mú jáde.

Lẹ́yìn Kérésì, Hẹ́ligà lọ. Mo ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń fọ́ òkúta. Ó ti ń fi gọ́ọ̀fù jẹun. Ó borí nínú òjò Scotland, ó borí ní Japan, ẹ̀yìn dùn ún títí ó fi kúrò lórí pápá, ó tún padà. Wọ́n ní àwọn ará ìlú rẹ̀ gan-an ń fura sí bó ṣe ń gbá a, pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún Ṣadé tán, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ibà ń ṣe mí. Ó wá gbé fóònù, ó ń wá orúkọ náà.

"Bàbá, ẹni yìí wà o. Ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní gọ́ọ̀fù ní Bronx níbí."

Lọ́jọ́ Sátidé, ó fi mọ́tò gbé mi lọ síbẹ̀. Obìnrin onírun funfun kan dúró lórí koríko, ojú rẹ̀ pọ́n nínú oòrùn. Mo wò ó, ó wò mí, oníkálukú ń ṣọ́ ìkejì. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ: "Olórí kunkun." Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn.

A rẹ́rìn-ín. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé, "Gbogbo èyí tó ń wọlé nígbà yẹn, ṣé èmi ni mò ń gbá a wọlé, àbí ìwọ?" Ó ní kò sí bọ́ọ̀lù tó wọlé fún òun láti ìgbà náà tí òun kò bi ara òun ní ìbéèrè yìí.

Mo ní, "Bí mo bá lè gbẹ́ ọ̀nà sínú iyanrìn, Ọ̀gá Báńkì tó ń fún mi ní bàtà àlòkù ni ǹ bá gbẹ́ ẹ fún."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo bá fi àwàdà sílẹ̀. "Má gbà mí gbọ́. Ọmọ mi pàápàá kì í gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó gbé ẹ lọ sí Jámánì, kò fẹsẹ̀ kan iyanrìn."

Ó ronú sí i. Ó gbé bọ́ọ̀lù kan kalẹ̀ sórí koríko, ó ní kí n sún sẹ́yìn. Mo sún, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà yà gba ẹ̀gbẹ́ ihò lọ. Hẹ́ligà yíjú wò mí. Ṣadé náà yíjú wò mí.

"Bàbá."

"Koríko ni," mo ní. "Koríko kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé."

Wọ́n ti kọ́lé sórí pápá wa báyìí, omi ti kún ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, kò sì sí ọmọ tó máa mọ ohun tí bíráùn jẹ́ mọ́. Ohun tó ṣẹ́kù ni obìnrin kan tó ṣì ń dúró ti bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n máa rán lọ tẹ̀wé bí kò bá wọlé. Ó lọ mú bọ́ọ̀lù náà, ó tún un gbé kalẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní kí n sún.