Aṣọ Iṣẹ́ Tí Kò Lápò

Làtífátù kì í jókòó. Bí ẹ bá rí i tó jókòó, ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì ní sinmi. Ọdún méje la fi jọ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ àwọn òyìnbó kan tó ń ṣe àga oníke ní Ọ̀tà, nítorí náà mo mọ ohun tó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Níbẹ̀, géètì tiwa yàtọ̀ sí tàwọn òyìnbó, wọ́n a sì máa tú ara wa wò tí a bá ń lọ sílé. Aṣọ iṣẹ́ wa kò lápò, kí a má baà jí nǹkan. Tàwọn òyìnbó ní àpò mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí Làtífátù bá ń ṣe nǹkan oṣù, ṣe ló máa ń mú páàdì lọ́wọ́ kọjá níwájú gbogbo ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ojú ń tì í, inú sì ń bí i. Ọjọ́ tó la ẹnu sọ ọ́, wọ́n lé e. Èmi tí mo gbè é lẹ́yìn, wọ́n lé èmi náà.

Bí a ṣe dá Ìdọ́gba, ilé ìránṣọ wa, sílẹ̀ ní Joju nìyẹn. Obìnrin mẹ́sàn-án ni wá, aṣọ iṣẹ́ là ń rán fún àwọn iléeṣẹ́, a sì ń fi èrè rẹ̀ gba lọ́yà fún òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá fìyà jẹ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀.

Lóṣù Èrèlé, iṣẹ́ wọ́n bí ojú. Ìgbà náà ni iléeṣẹ́ òyìnbó kan kọ̀wé sí wa: igba aṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́, láìní àpò, ogún fún àwọn òyìnbó, àpò mẹ́rin mẹ́rin. Jabez tó ń bá wa wá iṣẹ́ kiri ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Làtífátù ka ìwé náà tán, ó dìde. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó ní òun kò ní rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn dúdú láyé òun. Jabez bi í pé kí ni obìnrin mẹ́sàn-án máa jẹ. Ó kàn ń rìn ṣáá. Èmi fẹ́ kí a gba iṣẹ́ náà, n kò ní purọ́ fún yín.

Ó kọ lẹ́tà sí wọn. Lẹ́tà yẹn gbóná. Bó ṣe ń kà á sí wa létí, ojú mi lọ síbi aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ijoko. Mo fà á lórí tábìlì, mo yí i síwá sẹ́yìn.

"Làtí," mo ní, "èwo la rán fún òṣìṣẹ́ láti ọdún méjì yìí tó lápò?"

Kò sí ìkankan. Bébà tí a fi ń gé aṣọ, ara aṣọ iṣẹ́ tirẹ̀ àtijọ́ ló ti yà á lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ búrẹ́dì kò sọ pé àwọn kò fẹ́ àpò. Àwa fúnra wa la gbà pé bí aṣọ òṣìṣẹ́ ṣe ń rí nìyẹn. Làtífátù jókòó, kò ṣe nǹkan kan, ó ń sunkún. Mo kábàámọ̀ pé mo sọ̀rọ̀.

Kò fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó rán aṣọ òṣìṣẹ́ kan tó ní àpò mẹ́rin, a sì gbé e lọ bá ọ̀gá iléeṣẹ́ tó kọ̀wé. Òyìnbó náà fọwọ́ kan àpò náà, ó béèrè ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ òun fẹ́ kó sínú rẹ̀.

"Ohun tí ẹ̀yin náà ń kó sínú tiyín ni, sà," Làtífátù ní.

Òyìnbó náà ní òun á pè wá. Kò pè. Télọ̀ mìíràn ló gba iṣẹ́ náà. Méjì nínú wa wá iṣẹ́ lọ síbòmíì lóṣù yẹn, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Làtífátù wá kéde kiri Sango àti Ijoko pé kí gbogbo ẹni tó ń wọ aṣọ tí a rán gbé e wá, a ó fi àpò sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Àdìzát tó ń po ìyẹ̀fun ní iléeṣẹ́ búrẹ́dì ló kọ́kọ́ dé. A rán àpò sí i, ó wọ̀ ọ́, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò yọ ọ́ mọ́. Làtífátù ní kó má bínú, òun lòun gé aṣọ náà bẹ́ẹ̀.

"Kò burú, mà," Àdìzát ní. "Mo rò pé bó ṣe yẹ wá nìyẹn."

Làtífátù dìde nídìí ẹ̀rọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.