Ẹyẹ Oníwúrà tí Bàbá Mi Rí ní Creekmouth

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí èmi àti Bàbá mi fi kúrò nílé mi ní Goresbrook, ní Dagenham, ní ìlú London. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bàbá ti lò lọ́dọ̀ mi, ọ̀la ni yóò padà sí Ìjẹ̀bú, ó sì ti búra pé òun kò ní wá mọ́ láé. "Òtútù, ilé títì pa, ẹyẹlé! Kí ni mo tún ń wá bọ̀?" Ọdẹ ni nígbà èwe rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, ni mo bá ní kó jẹ́ ká lọ wo ẹyẹ tó lẹ́wà ju ẹyẹlé lọ.

Owó ọkọ̀ kò tó pọ́n-ùn méjì. Ní Nàìjíríà, kọ̀ńdọ́ ìbá ti pariwo. Níbí, mo fi káàdì kan ẹ̀rọ, ó dún píì, ó tán. Bàbá kí díráfà, ó bèèrè ará ilé rẹ̀, "Morning, boss" nìkan ló gbọ́. Ní Barking la ti wọ ọkọ̀ kejì dé Creekmouth, níbi tí odò Roding ti wọ inú Thames.

Mo kọ́ Bàbá ní àmì ẹyẹ náà. Góólìfíǹṣì ni wọ́n ń pè é ní erékùṣù yìí, ìyẹn ẹyẹ oníwúrà. Kò ju ológoṣẹ́ lọ. Pupa ló yí ẹnu rẹ̀ ká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ funfun, àtàrí rẹ̀ dúdú, ìlà àwọ̀ ìyeyè sì la apá dúdú rẹ̀ kọjá.

Ẹyẹ kan bà sórí ọgbà. "Òun nìyẹn!"

"Rárá o, Bàbá, róbíìnì ni. Àyà ni tiyẹn ti pọ́n."

A lúgọ. Nígbà tó yá, a gbọ́ orin wọn, bí agogo kéékèèké. Kí Bàbá tó gbójú sókè, ohùn kan bú jáde lẹ́yìn wa: "Ẹ káàárọ̀ o, sà! Ẹ kú ìrìn! Ẹ kú òtútù!" Brọ́dà Ṣẹ́gun ni, ará ìjọ Aládùúrà wa, tó ń bọ̀ láti ibi àdúrà etí odò nínú sùtánà, láìwọ bàtà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko tútù. Bàbá kò lè ṣàìdáhùn: ó bèèrè ìyàwó, ó bèèrè ọmọ, ó wúre. Nígbà tí wọn yóò fi ṣe àmín, ẹyẹ ti fò lọ. Inú bí mi débi pé n kò bá wọn ṣe é. Mo sọ fún Brọ́dà Ṣẹ́gun pé ẹyẹ tó fò lọ yẹn la wá wò.

"Ah, sorry o, sister. Those tiny ones? Ẹ̀yìn warehouse tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń jẹun every morning. Sà, ẹ jẹ́ ká lọ."

Lóòótọ́, bíi méje wà níbẹ̀ lórí koríko ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n ń tú èso rẹ̀ jẹ. Bàbá dúró láìmira, ó ń fi ìka ka àmì: "Pupa lẹ́nu. Funfun lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìyeyè lápá. Háà!" Ó rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú mi.

Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé kí n má kánjú bínú sí ẹni tó ń kíni. Bí mo ṣe ń ṣílẹ̀kùn ilé, Bàbá bèèrè ìgbà tí àwọn ẹyẹ náà máa ń yé ẹyin.

"Lẹ́yìn Àjíǹde, Bàbá, nígbà tí òtútù bá ti lọ."

Ó jókòó, ó ń bọ́ bàtà. "Ó dáa. Ìgbà yẹn ni kó o ra tíkẹ́ẹ̀tì mi sí."