Ìgò Kẹrin Nínú Garéèjì

Mo rántí ooru garéèjì wa ní Mansfield lókè òkun, lọ́dún tí ìyàwó mi lóyún àkọ́kọ́. Bí o bá da omi díẹ̀ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò láàárọ̀, yóò ti gbẹ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Iṣẹ́ ẹrù ni mo ń ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú, n kò sì kọ́ sáyẹ́ǹsì kọjá ilé ẹ̀kọ́ girama, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ti gbà mí lọ́kàn: báwo ni ohun tí kò lẹ́mìí ṣe kọ́kọ́ di ẹlẹ́mìí? Àwọn onímọ̀ kò tíì rí ìdí rẹ̀. Ìwàláàyè kò lè ṣe kó má lo omi, síbẹ̀ omi kan náà ló ń já àwọn ẹ̀wọ̀n kéékèèké tí ó so ara ẹlẹ́mìí pọ̀. Àwọn kan ní bóyá etí adágún gbígbóná ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí omi ti ń gbẹ, tó tún ń padà. Èmi náà to ìgò mẹ́fà sórí tábìlì: amọ̀, lúbúlúbú èròjà purotéènì, ṣíbí omi méjì-méjì. Bó bá ti gbẹ, n óò tún bu ṣíbí méjì sí i, n óò sì kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.

Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹlẹ́dàá inú garéèjì! Èmi ń ṣe tèmi níbí láìwo ìwé o."

Ìyá rẹ̀, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá láti bá wa wẹ ọmọ, kò rẹ́rìn-ín. "Àna mi, a kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Oyún oṣù méje ń bẹ nílé, ẹ tún ń wá ìyè nínú ìgò."

Èmi ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ Sátidé kan, mo fi maikirosikóòpù wo omi ìgò kẹrin. Àwọn nǹkan róbótó-róbótó ló kún inú rẹ̀, etí wọn mọ́ kedere. Orí mi wú. Ọ̀kan nínú ìbéèrè tó le jù ni bí ìwàláàyè àkọ́kọ́ ṣe rí awọ tó bo inú rẹ̀. Mo rò pé awọ náà ni mo ń wò.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ bàtà. "Jọ̀ọ́, gbé mi lọ sí ọsibítù. Ọmọ yìí ò tíì yíra láti ìdájí."

"Mo ń bọ̀."

Mọ́tò kan ṣoṣo la ní, àpò mi sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Fọ́tò mẹ́tàdínlógún ni mo yà. Ó tó wákàtí kan kí n tó dìde.

Nígbà tí a dé ọsibítù, wọn kò gbọ́ kí ọkàn ọmọ náà lù mọ́. Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá wákàtí yẹn ìbá yí nǹkan padà.

Nígbà tí màmá ń di ẹrù rẹ̀ láti padà sílé, ó kúnlẹ̀ fún mi. "Èmi ni mo da òróró àdúrà sí ọ̀kan nínú àwọn ìgò yẹn lọ́jọ́ Jímọ̀, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tí a fi gbé e lọ sí ọsibítù. Mo rò pé ohun tí ẹ ń pè wáyé níbẹ̀ ń bá ọmọ du ẹ̀mí ni."

Òróró lójú omi ni àwọn nǹkan róbótó yẹn, irú èyí tó ń léfòó nínú ìkòkò ọbẹ̀. Mo gbé màmá dìde. N kò lè bínú. Ìdí ìgò kan náà làwa méjèèjì ti lọ dúró.

Mo ṣì ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ ń kọ. Wọn kò tíì mọ̀, mo sì lè fara da ìyẹn. Ti wákàtí kan yẹn ni n kò lè fara dà. Lónìí, kí ìyàwó mi tó pè mí tán ni mo ti ń dìde. Ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ pè mí mọ́.